Àwọn tí Sinimá Kò Fún ní Ẹnu: Kétu níwájú The Woman King

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nínú àgbàlá kan ní Kétu, a ta aṣọ funfun sára ògiri, a sì fi ẹ̀rọ kékeré kan tan àwòrán sí i. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tẹ́ ẹní síwájú. Àwọn àgbà gbé àga wọn sẹ́yìn. The Woman King ni a fẹ́ wò, èyí tí a ti yí ohùn rẹ̀ sí èdè Faransé. Nígbà tí àwọn jagunjagun obìnrin Dàhòmì yọ láti inú koríko gíga lóru, tí idà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, àwọn ọmọdé hó, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún fi ọwọ́ kan ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ta ni wọ́n ń pa yẹn?”

“Àwọn Ọ̀yọ́ ni, Ìyá. Àwọn ni wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú.”

“Àwọn obìnrin tí ó mú idà ńkọ́?”

“Dàhòmì ni wọ́n, Ìyá. Àwọn tiwa ni.”

Ìyá àgbà kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí fíìmù náà fi parí. Gbogbo àgbà tí ó wà níbẹ̀ ni ó mọ ohun tí ọmọ náà kò tíì mọ̀: ìyá tí ó bí ìyá obìnrin yìí wà lára àwọn ọmọdé tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fi okùn so pọ̀, tí wọ́n kó kúrò ní Kétu lọ sí Àgbómẹ̀ ní 1886.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ “tiwa” yẹn ti ń gbé wa lọ́kàn. Ọmọ náà kò purọ́. Ọmọ orílẹ̀-èdè Benin ni. Ìwé ìbí rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ilé-ìwé rẹ̀ sì ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní Kútọnu, ère jagunjagun obìnrin kan tí ó ga tó mítà 30 ti dúró nítòsí òkun láti oṣù Keje ọdún 2022, kí fíìmù náà tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Àwa Nàgó ń ya fọ́tò lábẹ́ ère náà bí gbogbo ará ìlú ti ń ṣe. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó o. Ohun tí a ń béèrè ni pé, nígbà tí a bá sọ ìtàn àwọn obìnrin wọ̀nyí fún gbogbo ayé, níbo ni a fi àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún fíìmù náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Gina Prince-Bythewood, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ni ó darí rẹ̀. Viola Davis ni ó ṣe Nanisca, balógun àwọn Agojie. John Boyega, tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn òbí tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, ni ó ṣe Ghézo, ọba Dàhòmì. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Yorùbá jókòó lórí ìtẹ́ Àgbómẹ̀, ohun tí àwọn àgbà wa rẹ́rìn-ín sí títí. Ó pẹ́ tí sinimá ńlá ti ń fi àwọn obìnrin wa ṣe ìránṣẹ́ tàbí òkú ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Níhìn-ín, àwọn ni wọ́n ń gbèrò, tí wọ́n ń pàṣẹ, tí wọ́n sì ń sunkún nítorí ọ̀rọ̀ ara wọn. Orúkọ Nawi tí ọ̀dọ́mọbìnrin inú fíìmù náà ń jẹ́ ní ẹsẹ̀ nínú ìtàn pẹ̀lú: obìnrin arúgbó kan tí ń jẹ́ Nawi, ní abúlé Kinta, sọ ní 1978 pé òun bá àwọn Faransé jà ní 1892. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó kú.

Ṣùgbọ́n fíìmù náà kò sọ pé “nígbà kan rí, ní ìlú kan.” Ó mú ọdún kan, 1823, ó mú ọba kan tí ó jẹ ní tòótọ́, ó mú ìlú méjì tí ó wà ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá mú ọdún àti orúkọ ti fi ara rẹ̀ sí abẹ́ ìdájọ́ àwọn tí ó mọ ọdún náà.

Díẹ̀ nínú ohun tí ó sọ nípa 1823 jẹ́ òótọ́. Dàhòmì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ ní tòótọ́, fún ohun tí ó lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́. Ghézo ni ó sì já okùn náà. Ibi tí ẹ̀rín ti kọ́kọ́ pa wá ni orúkọ ọ̀tá: olórí ogun Ọ̀yọ́ nínú fíìmù náà ń jẹ́ Oba Ade. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ta ni ó ń jẹ́ Ọba tí kì í ṣe ọba? Balógun tí ó bá pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní etí Aláàfin kò ní rí oúnjẹ alẹ́ jẹ. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni à ń pe olórí ogun Ọ̀yọ́, bí fíìmù náà bá sì ti bi ẹyọ ọmọ Yorùbá kan léèrè, orúkọ náà ì bá ti bọ́ sí ẹnu gbogbo ayé. Ohun kékeré ni, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kékeré ni ó ń fi hàn ẹni tí a wádìí nípa rẹ̀ àti ẹni tí a kò wádìí nípa rẹ̀.

Ohun tí ó ju ẹ̀rín lọ ni pé Ọ̀yọ́ inú fíìmù náà lágbára bí òkè. Ọ̀yọ́ ọdún 1823 gan-an jẹ́ ilé tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò. Àfọ̀njá, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti kọ ẹ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú. Ilé tí ó ń wó ni Ghézo tì.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀ràn ẹrú, níbi tí fíìmù náà ti yí aṣọ padà pátápátá. Ó fi Ọ̀yọ́ ṣe akónilẹ́rú, ó sì fi Dàhòmì ṣe ẹni tí òwò náà ti ń sú, tí Nanisca ń rọ ọba pé kí wọ́n fi epo pupa rọ́pò ènìyàn. Ní ìparí, àwọn Agojie gba àwọn ẹrú sílẹ̀ ní èbúté Wídà. Wídà yìí kan náà wà lọ́wọ́ Dàhòmì láti 1727. Ghézo gba ìtẹ́ ní 1818 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú láti Brazil, ó sì san oore náà padà: ó fi í jẹ Chacha ní Wídà. Nínú fíìmù, oníṣòwò Brazil náà kú lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ tà. De Souza gan-an kú ní ọjọ́ ogbó ní 1849, àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ sì wà káàkiri etí òkun wa títí di òní. Òwò epo pupa dé ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ó dé lẹ́yìn náà, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń dí ojú òkun. Oṣù kìíní ọdún 1852 ni Ghézo fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé kí títa ènìyàn sí òkè òkun dópin. Ta ni ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú oko ọ̀pẹ tí ó yí Àgbómẹ̀ ká? Ẹrú ni, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Nàgó.

A ti ń gbọ́ ohùn àwọn òǹkàwé wa ní Àjàṣẹ́: ẹ rọra, Ọ̀yọ́ náà kò mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Àjàṣẹ́ ni Ọ̀yọ́ ń gbà kó ẹrú lọ sí òkun, àwọn ènìyàn tí a kó gba ibẹ̀ kì í sì ṣe ẹran. Nítorí náà, kì í ṣe pé a fi Ọ̀yọ́ ṣe ọ̀tá ni ó dùn wá. Kí a fi ọ̀kan nínú àwọn alágbára méjì ṣe ènìyàn rere, kí a sì fi èkejì ṣe ènìyàn búburú, àṣà sinimá ni. Ohun tí ó dùn wá ni ilẹ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Kétu wà níbẹ̀. Sábẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, àti Ìdáàṣà, àti àwọn Ìṣà ìhà Bàǹtẹ̀, àti àwọn Yewa. Orí àwọn wọ̀nyí ni Dàhòmì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ogun rẹ̀ jà lẹ́yìn 1823, nígbà tí Ọ̀yọ́ kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ̀rọ̀ nínú fíìmù tí ó gùn ju wákàtí méjì lọ.

Ẹ jẹ́ kí a pe méjì nínú wọn.

Ní 1848, ogun Ghézo kọ lu Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa. Wọ́n pa àwọn àgbà, wọ́n kó àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí ó tó ọmọ ọdún márùn-ún, tí a ń pè ní Àìná. Ọdún méjì ni ó lò ní ìgbèkùn kí Ghézo tó fi í ta Frederick Forbes lọ́rẹ, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá bá a sọ̀rọ̀ nípa òpin òwò ẹrú. Forbes mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta, orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Ọbabìnrin Victoria sì di alágbàtọ́ rẹ̀. Eré tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Victoria fi í hàn ní ọdún Kérésìmesì 2017. A wò ó. Ọmọ tí ó ṣe é dára, aṣọ rẹ̀ sì funfun. Ṣùgbọ́n ààfin ọbabìnrin ni ọ̀rọ̀ eré náà; Òkè-Ọ̀dàn jẹ́ ìbànújẹ́ kan tí a mẹ́nu bà, tí a sì kọjá.

Ẹnì kejì ni Kossola. Ọmọ Ìṣà ni ó pe ara rẹ̀, àwọn òpìtàn sì tọ ipa ìlú rẹ̀ dé ìhà Bàǹtẹ̀. Ní 1860, ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tó ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Glèlè, ọmọ Ghézo, ni ó ti wà lórí ìtẹ́. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, ogun Dàhòmì já wọ ìlú wọn. Kossola sá, wọ́n mú un ní ẹnubodè. Ó rí bí wọ́n ti ń gé orí àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì rí àwọn orí náà lẹ́yìn náà lójú ọ̀nà, nígbà tí wọ́n ti ń rùn. Láti Wídà, wọ́n tà á sínú ọkọ̀ Clotilda, òun àti àwọn mìíràn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, lọ sí Alabama, ní àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti ka òwò náà léèwọ̀. Nígbà tí òmìnira dé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí owó ọkọ̀ padà wálé. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì dá ìlú kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Africatown títí di òní.

Zora Neale Hurston, obìnrin òǹkọ̀wé adúláwọ̀, bẹ Kossola wò ní 1927 àti 1928. Ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́ gan-an, ní Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ tí ó gbọ́ lára èdè ilé. Àwọn aṣèwé sọ pé kí ó tún èdè náà ṣe, ó kọ̀. Ìwé náà, Barracoon, kò sì jáde títí di 2018. Hurston gbé ẹ̀rọ ayàwòrán dání pẹ̀lú. Ó ya Kossola ní 1928: bàbá arúgbó kan nínú àgbàlá rẹ̀, tí ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ. A ti wo àwòrán ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn léraléra ju bí a ti wo The Woman King lọ. Ènìyàn wa kan wà nínú rẹ̀, tí ogun Dàhòmì mú, tí ó yè é, tí ó ń gbé ọwọ́ sókè, tí ẹnu rẹ̀ ń mì. Sinimá aláìlóhùn ni. A kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní 2022 náà, ọdún tí The Woman King jáde, ni Margaret Brown gbé fíìmù Descendant jáde nípa àwọn ọmọ Africatown. Nínú rẹ̀, àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn ará Clotilda ń ka ọ̀rọ̀ Kossola sókè láti inú Barracoon, ẹni kan gbà á lẹ́nu ẹnì kejì. Fíìmù kékeré ni, kò ní idà, kò ní ẹṣin. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi The Woman King han àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Bàǹtẹ̀ tàbí ní Kétu, a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi èyí tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé sinimá kì í ṣe ìwé ìtàn. A gbà. Ẹni tí ó ń ṣe fíìmù lè so ènìyàn mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan, ó lè fi ogun ọdún mẹ́wàá sínú ọjọ́ kan. Bí àwọn onítàn àtẹnudẹ́nu wa ti ń ṣe nìyẹn. Black Panther, tí ó jáde ní 2018, ní àwọn obìnrin jagunjagun tí ó jọ Agojie, kò sì sí ará Kétu kan tí ó bínú, nítorí pé Wakanda kò sí lórí ilẹ̀ ayé, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ẹni tí ó fi Ghézo hàn bí ẹni tí ó fi òwò ẹrú sílẹ̀ ní 1823 ti yọ ọgbọ̀n ọdún kúrò, inú ọgbọ̀n ọdún náà gan-an sì ni Òkè-Ọ̀dàn wà. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí a kàn dín ìtàn kù.

Kí àwọn ìbátan wa ní ìhà Nàìjíríà má sì rò pé àwọn ni ó mú àpò ìdáláre dání. A ti ń wo fíìmù Yorùbá tí ó ń ti Èkó wá láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì. Ta ni ará Kútọnu tàbí ará Tógò nínú wọn? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, tàbí alágbàfọ̀, tàbí babaláwo tí àwọn tí ó ń wá owó òjijì ń tọ̀ lọ lóru. Bí ó bá sì la ẹnu, ẹ̀rín ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n ti ń náwó sí ìtàn àtijọ́, Aníkúlápó ti Kunle Afolayan ní 2022, House of Ga'a ti Bolanle Austen-Peters ní 2024. Inú wa dùn sí aṣọ, sí ìlù, sí pé Yorùbá ni a ń gbọ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni, Ọ̀yọ́ náà sì ni. Odi Kétu àti ẹnubodè Àkàbà Ìdènà rẹ̀ ṣì wà níbi tí àwọn baba wa mọ wọ́n sí. Ní Bahia, ẹ̀ka Candomblé tí ó gbilẹ̀ jù ń jẹ́ Ketu títí di òní, nítorí àwọn tí a kó kọjá òkun. A kò tíì rí ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wá ya ìtàn náà fún wa ní èdè wa.

Fíìmù kan wà tí ó fi àyè sílẹ̀ fún iyàn, ó yẹ kí a dárúkọ rẹ̀. Dahomey ti Mati Diop, tí ó gba Béárì Wúrà ní Berlin ní 2024, sọ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí Faransé dá padà fún wa ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Ère ọba ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ní èdè Fọ̀n. Lẹ́yìn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Calavi dìde, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń já ara wọn lẹ́nu, ẹnì kan ń yọ̀, ẹnì kan ń bínú, ẹnì kan ń béèrè ìdí tí òun fi ń sọ gbogbo èyí ní Faransé. Olùdarí kò parí iyàn náà fún wọn. Nínú àwọn ohun tí ó padà wálé ni ìjókòó ọba kan tí ó wá láti Kánà. Lókè rẹ̀, a gbẹ́ ọba àti àwọn ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn. Nísàlẹ̀, a gbẹ́ ẹsẹ ènìyàn kan tí a so pọ̀ ní ọrùn. Ère ọba ní ohùn nínú fíìmù náà. Àwọn ti ìsàlẹ̀ kò ní.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn alẹ́ tí a wo The Woman King, a padà sí àgbàlá yẹn ní Kétu. Ọmọ-ọmọ Ìyá àgbà ti gbé tẹlifóònù rẹ̀ lé orí àpótí méjì, ó fi òkúta tì í kí ó má ba à ṣubú. Ìyá àgbà kọ́kọ́ ní kí wọ́n dúró; ó wọlé, ó pààrọ̀ ìró, ó wé gèlè tí ó ń wé lọ sí òde. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ibi tí ìyá ìyá rẹ̀ sọ pé àwọn gbà kọjá láti Kétu dé Àgbómẹ̀, ibi tí wọ́n sùn ní alẹ́ àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n ti mu omi, ibi tí ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá rẹ̀ kò ti lè dìde mọ́. Orúkọ kan sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè.

“Má ì pa á o,” ni ó wí fún ọmọ náà. “Ó ń bọ̀ lẹ́nu mi.”